Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Díìsìkì Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà nìkan, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dópin. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Ta ni ọmọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ orúkọ kò kàn?

Ní ọdún 2008, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn. Ẹkún ìyàwó ni mo bá lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá di ohun tí à ń sun. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n sun ún fún mi, ìyá tó bí ìyá mi sì wà lára wọn. Ìyá Ìṣẹ́yìn ni àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é. Nínú ìwé ìwádìí mi, gẹ́gẹ́ bí ìlànà iṣẹ́ wa, n kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Olùsọ 1, Olùsọ 2, Olùsọ 3 ni mo ń kọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Olùsọ 3 ni ìyá mi àgbà. Wákàtí kan péré ni àgbàsílẹ̀ ohùn rẹ̀, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 635. Ní ọdún 2013, ìyá re ibi àgbà ń rè. Ohùn wákàtí kan yẹn ló kù sílẹ̀ fún wa.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, gbogbo àgbàsílẹ̀ wọ̀nyí wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní yàrá ìwádìí wa. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹ̀rọ náà ní olùpèsè. Àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì wa, oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n. Fáìlì kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó ti èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ó rò pé inú rẹ̀ gan-an ni fáìlì wà. Ètò tó ń mú èyí ṣeé ṣe ni Network File System, tí ìkékúrú rẹ̀ jẹ́ NFS. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1984. Ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀dà kejì rẹ̀ fún gbogbo ayé jáde ní ọdún 1989, ti ẹ̀dà kẹta jáde ní 1995, ti ẹ̀kẹrin sì jáde ní 2000.

Kọ̀ǹpútà kan tún wà ní yàrá kejì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní aṣẹ̀dà. Ní aago méjì òru, yóò wo inú olùpèsè, yóò ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo tó bá rí níbẹ̀, yóò sì pa ohunkóhun tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi apá tó kẹ́yìn yìí sọ́kàn.

Báwo ni oníbàárà ṣe ń rí fáìlì tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀? Kì í fi orúkọ gígùn fáìlì dààmú olùpèsè nígbà gbogbo. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò béèrè, olùpèsè yóò sì fún un ní ohun tí mo lè fi wé tíkẹ́ẹ̀tì. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì yìí. Èkíní ni ìdánimọ̀ díìsìkì tí fáìlì wà nínú rẹ̀. Èkejì ni nọ́ńbà fáìlì náà nínú díìsìkì yẹn. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà ìran, nítorí pé bí a bá pa fáìlì kan rẹ́, a lè fi nọ́ńbà rẹ̀ fún fáìlì mìíràn, bí ayálégbé tuntun ṣe ń wọ yàrá tí ẹni àtijọ́ kó kúrò. Nọ́ńbà ìran ni kì í jẹ́ kí a kó lẹ́tà ẹni àná fún ẹni òní. Nínú ẹ̀dà kejì NFS, báìtì 32 ni tíkẹ́ẹ̀tì náà. Nínú ẹ̀kẹta, ó lè tó 64. Nínú ẹ̀kẹrin, ó lè tó 128. Kò kan oníbàárà láti tú u wò. Tirẹ̀ ni kí ó mú un dání, kí ó sì fi hàn nígbà tó bá nílò fáìlì.

Mímú nǹkan dání báyìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní cache. Èmi yóò pè é ní àpamọ́ ìtòsí. Ìyá tó ń ta gaàrí kì í sáré lọ sí àká ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ra kóńgò kan. Ó ti bu díẹ̀ sórí àtẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà NFS ń pa àlàyé nípa fáìlì mọ́: bí ó ti tóbi tó, ìgbà tí a fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Lórí Linux, bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, oníbàárà lè gba àlàyé nípa fáìlì gbọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 60 kí ó tó padà lọ béèrè.

Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì já oníbàárà kúrò lára olùpèsè kí a sì tún un so, tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùpèsè nìkan ló lè sọ pé kò wúlò mọ́, ìgbà tí a bá sì gbé e dé iwájú rẹ̀ ni yóò tó sọ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó ń jáde ni Stale file handle, nọ́ńbà àṣìṣe náà lórí Linux sì ni 116. Ọbẹ̀ ni Yorùbá mọ̀ pé ó ń kan. Bí n bá túmọ̀ gbólóhùn yìí, n ó ní: tíkẹ́ẹ̀tì yìí ti kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún 2019, mo jókòó láti tẹ́tí sí àgbàsílẹ̀ kan, mo sì rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì ti kan. Mo mọ oògùn rẹ̀: kí n já ẹ̀rọ mi kúrò lára olùpèsè, kí n tún un so, kí ó gba tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo sì mọ̀ pé n ó ní láti ṣe bákan náà fún aṣẹ̀dà ní yàrá kejì. Bí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni iná lọ. Mo kùn díẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo gba ilé lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo já ẹ̀rọ mi, mo tún un so. Àṣìṣe lọ. Àpò tí àwọn àgbàsílẹ̀ wà nínú rẹ̀ ṣí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe pé fáìlì díẹ̀ ló sọnù. Àpò náà ṣófo bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Àyà mi já. Mo sáré lọ sí yàrá kejì. Stale file handle náà ni mo bá lórí aṣẹ̀dà. Mo ti tẹ àṣẹ tí yóò já a kúrò, ó ku kí n tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, nítorí pé ohun tó ti mọ́ mi lára láti ọdún pípẹ́ nìyẹn: bí ohun àpamọ́ bá ti gbó, kí a fagi lé e, kí a gba tuntun.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó tẹ̀ lé mi wọlé ló sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣe lóru."

A ṣí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ òru náà. Ní aago méjì, aṣẹ̀dà ti lọ kan ilẹ̀kùn olùpèsè. Olùpèsè ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kan. Ètò tí aṣẹ̀dà ń lò, èyí tó ń jẹ́ rsync, wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítorí àṣìṣe tí òun bá pàdé, òun kò ní pa ohunkóhun rẹ́. Ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Gbogbo ẹ̀dà tó ṣe ní òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀ wà níbẹ̀ láìyẹ̀.

Mo ká ọwọ́ kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ká ní mo ti tún aṣẹ̀dà so, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni yóò gbà. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun yóò mú un wọ àpò òfìfo láìsí àṣìṣe kankan. Bí ó bá di aago méjì òru, yóò rí i pé kò sí fáìlì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ olùpèsè mọ́, yóò sì fi ìgbọràn pa gbogbo ohun tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀ rẹ́. Ká ní iná kò sì lọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí mo ṣe iṣẹ́ mi bí ó ti yẹ, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ni ohùn Ìyá Ìṣẹ́yìn ìbá ti di àwátì. Àṣìṣe tí mo ń kùn sí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣọ́ ilé.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí díìsìkì? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀rọ sọ tẹnu rẹ̀, kò sì fi ohun kan pamọ́. A ti ra díìsìkì tuntun kún ti àtijọ́. Ó tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó sì rí i pé sdb ni Linux pe ti àtijọ́, sdc ni ó pe tuntun. Ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná lọ, bátìrì kò sì lè gbé e. Nígbà tí iná dé tí ẹ̀rọ tún jí, díìsìkì tuntun ló kọ́kọ́ jẹ́ ìpè. Òun ló wá di sdb, ti àtijọ́ sì di sdc. Ọ̀dọ́mọkùnrin wo ìwé rẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ fọ sdc mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ tilẹ̀ bi í léèrè pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ o, ṣé kí òun máa bá a lọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dá a lójú, ṣebí ó wà nínú ìwé. Ètò olùpèsè pàápàá, sdb ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé kí ó máa lọ gbé àwọn àgbàsílẹ̀ wa. Nígbà tó débẹ̀, díìsìkì tuntun tí a kò tíì pèsè ló bá. Kò rí ohun kan so, ó sì fi àpò òfìfo sílẹ̀ fún wa.

Ìwé pélébé yẹn, àpamọ́ ìtòsí ni òun náà. Òtítọ́ ni ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀sán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ṣùgbọ́n kò sí olùpèsè tó máa dá a padà.

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irú orúkọ tí Yorùbá ní fún ọdún púpọ̀, n kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà yóò wúlò fún mi nídìí díìsìkì. Irú orúkọ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Èkíní ni orúkọ ipò. sdb àti sdc kì í ṣe orúkọ díìsìkì. Ipò tí wọ́n dé ni. Linux tún máa ń fún ipò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: sdb ni 8:16, sdc ni 8:32. Ẹni tó bá bọ́ sí ipò náà ló ni nọ́ńbà náà. Irú orúkọ tí àwa ọmọ-ọmọ fún ìyá mi àgbà nìyẹn. Ìṣẹ́yìn ló ń gbé, ló ṣe di Ìyá Ìṣẹ́yìn. Ní ọdún 2011, ó wá ń bá wa gbé ní Ìbàdàn, a kò sì yí i padà. Ṣùgbọ́n ní Ìṣẹ́yìn fúnra rẹ̀, bí ẹ bá wọ ìlú tí ẹ ní Ìyá Ìṣẹ́yìn ni ẹ ń wá, ta ni wọn ì bá mú jáde fún yín?

Èkejì ni àdàpè. Ìyàwó ilé kì í dárúkọ àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀. Yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ yẹn kò sì kọjá ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà NFS ń ṣe. Nígbà tó bá so mọ́ olùpèsè, yóò fún ohun tó so mọ́ ní nọ́ńbà díìsìkì kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, tí kò bá nọ́ńbà ọ̀dọ̀ olùpèsè tan. Bí ẹ bá já a tí ẹ tún un so, nọ́ńbà náà lè yí padà, kí fáìlì má sì yí padà rárá. Àwọn tó kọ ètò GNU tar mọ èyí dájú. Ètò náà máa ń kọ nọ́ńbà díìsìkì sílẹ̀ kí ó lè mọ ohun tó ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá yí padà, yóò rò pé gbogbo fáìlì àtijọ́ ti di tuntun. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pèsè àṣẹ --no-check-device, kí a lè sọ fún un pé kí ó má wo àdàpè.

Ẹ̀kẹta ni àmútọ̀runwá. Ọmọ tó mú ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Òjó tàbí Àìná ni, ì báà gbé Òyìnbó, ì báà gbé oko. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ pèsè díìsìkì láti gba fáìlì, a máa ń fún ètò inú rẹ̀ ní orúkọ gígùn kan tí ń jẹ́ UUID. Inú díìsìkì fúnra rẹ̀ ni orúkọ náà wà. Ibikíbi tí ẹ bá tì í bọ̀, òun náà ni yóò jẹ́. Olùpèsè NFS lórí Linux, UUID yìí ló sábà máa ń fi mọ ohun tó ń pèsè. Bí kò bá sí UUID, ó lè lo nọ́ńbà ipò, tàbí kí alábòójútó fúnra rẹ̀ yan nọ́ńbà fún un pẹ̀lú àṣẹ fsid.

Ohun tó gbà wá nìyẹn. Orúkọ àmútọ̀runwá díìsìkì àtijọ́ ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì aṣẹ̀dà. Àpò òfìfo tí olùpèsè ń pèsè báyìí, inú díìsìkì mìíràn ló wà, orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀. Ká ní nọ́ńbà ipò nìkan ni olùpèsè ń lò, tí díìsìkì òfìfo sì bọ́ sórí nọ́ńbà kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà àtijọ́ lè ṣílẹ̀kùn ilé tuntun láìsí ariwo.

Wọ́n máa ń sọ pé Phil Karlton, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ ní Netscape, ló ní nǹkan méjì péré ló le nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: mímọ ìgbà tó yẹ kí a fagi lé ohun àpamọ́, àti fífún nǹkan lórúkọ. Ẹ̀fẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń fi í ṣe. Ní tèmi, ìṣòro kan náà ni méjèèjì. Ẹni tí kò mọ irú orúkọ tó mú dání kò lè mọ ìgbà tó yẹ kí ó jù ú nù.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí olùpèsè kò ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà pé nǹkan ti yí padà. Nínú ẹ̀dà kejì àti ẹ̀kẹta, àwọn tó ṣe NFS mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí olùpèsè má ṣe máa rántí ẹni tó mú tíkẹ́ẹ̀tì dání. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, olùpèsè yóò kàn máa bá iṣẹ́ lọ. Andrew File System, tí wọ́n ṣe ní Carnegie Mellon, gba ọ̀nà mìíràn: olùpèsè rẹ̀ máa ń ṣèlérí pé òun yóò ránṣẹ́ bí fáìlì bá yí padà. Ẹ̀dà kẹrin NFS náà ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn fáìlì kan. Ìránṣẹ́ dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ránṣẹ́ nígbà tí olùpèsè fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti fọ ilé òun? Ohun tó kù ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ó lè fi òtítọ́ sọ pé, "N kò mọ èyí mọ́." Ìdáhùn yẹn korò létí, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó sì fà ọ́ wọ ilé onílé lọ.

Èmi náà kọ́ ọgbọ́n tèmi. Mo ti rò pé ewu wà nínú ohun àtijọ́ tí a kò tètè jù nù. N kò ronú nípa ewu tó wà nínú ohun tuntun tí a sáré gbà. Kí a tó fagi lé ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ilé tí a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, UUID ni a kọ sínú ètò olùpèsè wa. Aṣẹ̀dà kì í pa ohunkóhun rẹ́ àfi bí ó bá rí fáìlì àmì kan lọ́dọ̀ olùpèsè. Ohun tó bá sì pa tì, ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kì í kọ lẹ́tà sórí ìwé pélébé mọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára díìsìkì láti ilé-iṣẹ́ ló ń kọ.

Kí n tó dá àwọn fáìlì padà sí olùpèsè, mo gbọ́ ti Olùsọ 3 láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé n kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú kẹta ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú kẹta sì ni mo máa ń fò sí, nítorí ibẹ̀ ni ohùn tí mo ń wọ̀n wà. Nínú ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, ìyá mi àgbà ń sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó dárúkọ ara rẹ̀. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀ àti agboolé tí wọ́n ti bí i, ó sì ki orílẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló ní ọmọ ọmọ òun ló ní kí òun sun ẹkún, òun yóò sì sun ún fún un. Ọdún mọ́kànlá ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú fáìlì náà, tí èmi ń pè é ní Olùsọ 3.

Mo fóònù ìyá mi lọ́jọ́ náà. Mo bi wọ́n bóyá mo lè kọ orúkọ Ìyá sára àgbàsílẹ̀ náà, ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, pẹ̀lú agboolé àti oríkì wọn.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o ò kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni?"